Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Ò Kọ Sílẹ̀

Ìgbà kẹta tí Bàbá kú láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mẹ́rúwà tó ń ta omi fún wa ju kẹ́ẹ̀gì omi sílẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọmọlanke rẹ̀ gba ẹnu géètì wọlé ni. Bó ṣe gbójú sókè, ó rí àgbàlagbà kan tó fara ti òpó, tó fọwọ́ di àyà mú, tó rọra ń yọ̀ wálẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ kan ta pàá, ẹnu ṣí sílẹ̀, ojú ranjú mọ́ òkè. "Wayyo Allah!" Igbe tí mẹ́rúwà ké nìyẹn, omi sì dà gba gbogbo ọgbà. Màmá mi tó ń ránṣọ lọ́ọ̀dẹ̀ ò tilẹ̀ gbórí kúrò lórí maṣíìnì. Ó kàn sọ fún un ní Hausa pé kó fi í sílẹ̀, pé tó bá kú tán, á dìde.

Lóòótọ́, Bàbá dìde, ó gbọn ìdí nù, ó sì bi ọkùnrin náà léèrè bóyá ikú yẹn jọ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà kó kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, kò sì gbé omi wá sílé wa fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì.

"Bàbá, ẹ ò tún rí ibòmíì kú sí ni?" Màmá mi bínú. "Ta ló máa wá lọ pọnmi báyìí?"

"Ìyá Aránṣọ, má bínú. Ikú tèmi ò tíì pé ni."

Bàbá yìí kì í ṣe bàbá tó bí mi. Bàbá tó bí mi ń wa tírélà láti Kano dé Èkó, ilé ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ará ilé wa ni Bàbá. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ọgbà kan ní Kawo, ní Kaduna, tí kò jìnnà sí gáréèjì. Láti ìdájí ni àwọn ọmọ gáréèjì á ti máa pariwo "Zaria, Zaria! Kano, mutum ɗaya!", pé ẹnì kan ló kù, tí èéfín ọkọ̀ àti òórùn kósè, àkàrà àwọn Hausa, tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì á sì jọ gba ojú fèrèsé wọlé. Iṣẹ́ eré ni Bàbá ń ṣe. Inú eré Hausa lórí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sígbà kan tí wọ́n fún un ní ipa tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ti ṣe ọ̀mùtí. Ó ti ṣe télọ̀ Yorùbá tí kò mọ̀ ju ariwo lọ. Ó ti ṣe òkú, àìmọye ìgbà. Èyí tí wọ́n wá mọ̀ ọ́n sí jù ni mai gadi, ìyẹn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì ilé olówó, tí yóò họ orí, tí yóò wá fi Hausa tí Yorùbá hàn nínú rẹ̀ gbangba sọ fún gbogbo àlejò pé: "Oga ba ya nan, makulli ya ɓata!" Ọ̀gá ò sí nílé, kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.

Nítorí gbólóhùn kan ṣoṣo yìí, kò sí ọmọdé kan ní Kawo tó mọ orúkọ rẹ̀. Mai Gadi ni wọ́n ń pè é. Tó bá ń bọ̀ láti mọ́sáláṣí, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e: "Mai Gadi! Oga yana nan?" Ṣé ọ̀gá wà nílé? Á dúró, á họ orí, á dá wọn lóhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn, kí ni mo mọ̀?

Láàárín àwa Yorùbá, ẹlòmíì ni. Òun ló ń kọ eré fún ẹgbẹ́ wa, mùsùlùmí àti kìrìsìtẹ́nì pa pọ̀, òun ló sì ń kọ́ wọn ní eré ọ̀hún. Ẹ wá wo bó ṣe ń kọ ọ́. Kì í fún ẹnikẹ́ni ní odindi eré. Á ya ìwé ilé-ìwé sí wẹ́wẹ́, á kọ ọ̀rọ̀ tìẹ nìkan fún ọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹni tó ṣáájú rẹ máa fi parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí o lè mọ ìgbà tó kàn ọ́. Ó tán. Tí o bá fẹ́ mọ ohun tó kù, wá sí ìdánrawò. Màmá mi bi í léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan.

"Bí èèyàn bá ti mọ ohun tí ẹnì kejì fẹ́ sọ," ó ní, "kò ní gbọ́ ọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ ti òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kì í kọ ọ́ sílẹ̀ rárá. Ó ní ta ló bímọ tó ń kọ orúkọ ọmọ sí àtẹ́lẹwọ́ kó má baà gbàgbé. Èyí tó tún wá burú jù ni ti ìparí. Bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bá jẹ́ tirẹ̀, kò ní sọ ọ́ níbi ìdánrawò. Tí wọ́n bá débẹ̀, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ó di ọjọ́ eré." Àwọn òṣèré á bẹ̀ ẹ́ títí, á kàn máa jẹ obì lọ ni.

Eré kan wà tó ń múra rẹ̀ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òun ni gbogbo ikú ẹnu géètì yẹn wà fún. Òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ló dá lé lórí, tó wá sí Kaduna ní ọ̀dọ́, tó ń sọ lọ́dọọdún pé ọdún tó ń bọ̀ lòun máa padà sílé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sọ Hausa. Kò kọ́lé síbẹ̀, kò kọ́lé síbí. Àyà ń dùn ún, ó sì kú tán lójú ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó tún jí. Níkẹyìn, ìyàwó di ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: "Bàbá àwọn ọmọ mi, ilẹ̀ ti mọ́, ẹrù ti dè. Ṣé ká lọ àbí ká dúró?" Ohun tí ọkọ máa fi dáhùn ni ìparí eré náà. Ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ọ.

Bàbá ló fẹ́ ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè yẹn. Láti gbogbo ọdún yìí wá, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ òun ni aṣíwájú eré nìyẹn, òun tó ń pín ipa ńlá fún àwọn ẹlòmíì. Màmá mi fi í ṣeré lọ́jọ́ kan pé ẹ̀yin náà ti wá di ọ̀gá lónìí.

Kò rẹ́rìn-ín. "Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, Ìyá Aránṣọ. Ẹ jẹ́ kí èmi náà gba ilẹ̀kùn kan wọlé kí n tó kú. Ikú òótọ́, kì í ṣe tẹnu géètì."

Lẹ́yìn ìrun Àsárì lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dánra wò lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀. Èmi á jókòó sí ọ̀ọ́kán, màá máa ṣa ẹ̀wà fún màmá mi, etí mi á wà lọ́dọ̀ wọn. Òórùn káfúrà á máa jáde látinú àpótí onípáànù tó ń kó aṣọ eré sí: fìlà ọlọ́pàá, irùngbọ̀n òwú, ẹ̀wù kákí ti rélùwéè tó gba lọ́wọ́ ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀ nínú eré yìí ló ń ṣe ìyàwó rẹ̀ nínú gbogbo eré láti bí ọdún méjìlá, a sì ti sọ ọ́ di Màmá Ìyàwó. Tíṣà ni, ará ìhà Kàbbà, kìrìsìtẹ́nì tòótọ́, tó ní ọkọ àtọmọ nílé lẹ́yìn ọjà. Tó bá ti wọlé, á kígbe, "Ókùn o, ẹ̀yin ará ilé!" Gbogbo ọgbà á dáhùn.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Bàbá lórí. Mi ò sì jẹ́ kó mọ lórí mi nìkan. Tí mo bá ti jáde sí títì, màá kó àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ, ọmọ Hausa ni gbogbo wọn, màá dúró sórí òkúta, màá ṣe Bàbá fún wọn, ní Hausa. Báwo ni wọn ìbá ṣe gbọ́ Yorùbá? Èmi náà, ká má purọ́, tí wọ́n bá sọ Yorùbá sí mi nílé, Hausa ni mo fi ń dáhùn. Màmá mi ti lù mí lù mí, ó ti sú u.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ṣe é lọ́wọ́, mo rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ò wo ojú mi mọ́. Mo yíjú padà. Bàbá dúró lẹ́yìn mi, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo rò pé ó máa nà mí.

"Tún un ṣe," ó ní. "O gbàgbé ikọ́."

Ó ní ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ òótọ́ láìwúkọ́ ṣáájú, pé ikọ́ náà lòótọ́ fi ń rí ọ̀nà jáde. Ó wúkọ́ ọ̀hún fún mi, ikọ́ kúkurú kan, gbígbẹ, bíi ti ẹni tí ẹja kọ́ lọ́fun. Mo tún un ṣe. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ eré dé. Ṣe ni Bàbá jí pẹ̀lú ìdùnnú. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù rélùwéè, ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kun ìlà sójú ara rẹ̀. Màmá Ìyàwó ti tètè dé, ó ń lọ aṣọ tirẹ̀ nínú yàrá Bàbá. Mo ń kọjá lọ, Bàbá pè mí láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Wá, jókòó. Ọjọ́ eré ti pé. Wá gbọ́ ìparí, kí n mọ̀ bóyá ó wọ etí èèyàn."

Ebi ń pa mí. Àwo kósè wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ina zuwa." Mò ń bọ̀. Mo sì sáré jáde.

Mi ò tíì débi tí wọ́n ti ń dín kósè tí mo fi rí i tí obìnrin náà da omi síná, tó gbé agbada òróró gbígbóná sá wọlé. Èéfín ti ń gòkè láti ọ̀nà ọjà. Àwọn èèyàn ń sáré, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Ẹni tó bá gbé Kaduna nígbà yẹn mọ irú ọjọ́ tí mò ń sọ, mi ò ní tún un rò. Níhà tiwa, wọ́n ń wá kìrìsìtẹ́nì. Níhà kejì odò, wọ́n ń wá mùsùlùmí irú tiwa. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè lẹ́nu géètì lápá méjèèjì.

Bí mo ṣe sáré padà délé, màmá mi ti èmi àti Màmá Ìyàwó sábẹ́ ibùsùn Bàbá, ó fa aṣọ eré bò wá. Káfúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Màmá Ìyàwó di ọwọ́ mi mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ó ń gbàdúrà, mo fetí sí i. "Ilẹ̀ ti mọ́, ẹrù ti dè. Ṣé ká lọ àbí ká dúró? Ṣé ká lọ àbí ká dúró?" Ọ̀rọ̀ eré ló ń sọ ṣáá.

Wọ́n fi igi lu géètì. Mo gbọ́ bàtà Bàbá, ó ń lọ, kò sáré. Mo gbọ́ bó ṣe ṣí i. Wọ́n bi í ní Hausa pé àwọn wo ló wà nínú ilé. Kò tíì dáhùn tí ẹnì kan nínú wọn fi pariwo: "Kai! Mai Gadi ne!" Òmíràn wá béèrè, bí àwa ọmọdé ṣe máa ń béèrè gẹ́lẹ́: "Oga yana nan?"

Bàbá ní, "Oga ba ya nan, makulli ya ɓata!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Wọ́n ní kó họ orí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Títí dòní, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín tó bà mí lẹ́rù bí ẹ̀rín yẹn. Wọ́n bá tiwọn lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a gbọ́ igi wọn lára géètì ilé kejì, kò sì sí mai gadi kankan níbẹ̀.

Nígbà tí Bàbá wọlé, ó jókòó sórí àpótí. Ṣòkòtò kákí rẹ̀ ti tutù láti ìdí dé orúnkún. Màmá Ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́, kò lè sọ ọ́ já. Bàbá ò wò ó.

"Ọjọ́ tí mo fẹ́ wọlé," ó ní, "géètì ni mo tún lọ ṣọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ṣọ́jà wá gbé Màmá Ìyàwó lọ sí bárékè, láti ibẹ̀ lòun àti ọkọ rẹ̀ ti kó lọ sí Gonin Gora, níhà gúúsù odò. Odò tí à ń fi bọ́ọ̀sì kọjá láìbojú wò ó wá di ààlà. Nínú àwọn méje tó ń ṣe eré yẹn, méjì padà sí Ìlọrin, wọn ò tún wá mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ọmọ Bàbá ò dé gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ ti ṣeré lọ́jọ́ náà, kò sì padà sílé rí. Bàbá ti àpótí rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Òórùn káfúrà kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ wa.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí i láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pé kó wá ṣe mai gadi. Màmá mi ló bá a sọ ọ́ títí tó fi gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, nígbà ọyẹ́, ó dúró ti òpó rẹ̀, ó ń gbìyànjú ohùn. Èmi ń gbálẹ̀, màmá mi wà nídìí maṣíìnì. Ó sọ ọ̀rọ̀ mai gadi yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un sọ, ọ̀rọ̀ náà sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fọwọ́ kan òpó, ó rọra yọ̀ wálẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ kan ta pàá.

Ẹ gbọ́ mi o. A kò dìde lọ bá a.

Màmá mi tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé ọkùnrin yẹn ti padà sẹ́nu eré. "Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá," ó ní, "ẹ ṣáà má tún lé mẹ́rúwà wa lọ." Ó ń tẹ maṣíìnì lọ. Mo gbálẹ̀ yí Bàbá ká. Mo gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ẹ dákun! Mo rí i pé itọ́ ń yọ létí ẹnu rẹ̀, mo sì sọ nínú ara mi pé háà, èyí tún dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màmá mi ti so apá méjèèjì mọ́ bùbá kan kó tó gbójú sókè, kó tó sọ pé, "Bàbá, ó tó." Lẹ́yìn náà ló wá ké.

Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni, pé ká ní a tètè gbé e wá ni. Màmá mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ náà. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ohùn lọ. Ọwọ́ òsì nìkan ló ṣẹ́ kù tí Bàbá lè fi sọ̀rọ̀: ó ń fi ìka kan igi ibùsùn, ẹ̀ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ títì sì tún ń wá sójú fèrèsé. "Mai Gadi! Oga yana nan?" Èmi ni mò ń lé wọn. Màmá mi ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ń bọ́ ọ, ó ń fọ̀ ọ́, kò jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun ṣe é. Mo mọ ohun tó ń san.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Màmá Ìyàwó fi ìborùn bo orí bíi tiwa, ó gorí bọ́ọ̀sì láti Gonin Gora, ó sọdá odò wá. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Kò kígbe "Ókùn o" lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí Bàbá létí, omijé Bàbá sì ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Nínú báàgì rẹ̀, ó ní àwọn ìwé wẹ́wẹ́ yẹn. Ó ti wá ọ̀pọ̀ àwọn òṣèré kàn, ó ti ránṣẹ́ dé Ìlọrin. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò padà sílé, òun fúnra rẹ̀ ló rántí rẹ̀ kọ sílẹ̀.

"Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe eré náà," ó sọ fún màmá mi. "Wọ́n ní káwọn gbé Bàbá lọ wò ó. Ó kù díẹ̀ káàtó ni. Ọ̀rọ̀ ti Bàbá nìkan ni ò sí níbì kankan."

"Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n," màmá mi dáhùn. "Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀."

Wọ́n mú mi dúró síwájú ibùsùn. Mo la ẹnu. Hausa ló jáde.

"Yorùbá!" Màmá mi gbá mi léjìká. "Sọ ọ́ ní Yorùbá, bí Bàbá ṣe sọ ọ́!"

Mo gbìyànjú. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo gbìyànjú. Ìtàn náà wà lórí mi, ibi tó ti dúró, ibi tó ti yíjú, ohùn rẹ̀ pàápàá wà létí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú ohùn yẹn ti di Hausa ti orí òkúta. Ti Yorùbá ti lọ pátápátá. Ojú tì mí, mo bú sẹ́kún. Bàbá ń wò mí. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó fi kan ọ̀fun ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi kàn án. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Mo gbàgbé ikọ́. Mo wúkọ́, mo tún bẹ̀rẹ̀ ní Hausa, ó sì kan igi lẹ́ẹ̀kan.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ní Sátidé mẹ́fà léra. Èmi á sọ ọ́ ní Hausa, àwọn ìyá méjèèjì á máa wá Yorùbá rẹ̀, Bàbá á máa ṣe ìdájọ́. Mo rántí ọ̀kan. Mo ní, "Ba hanya ce ta hana ni tafiya ba, ƙafata ce." Màmá mi ní, "Kì í ṣe ọ̀nà ló dí mi lọ́wọ́, ẹsẹ̀ mi ni." Ẹ̀ẹ̀mejì. Màmá Ìyàwó dijú, ó rò ó, ó ní, "Ọ̀nà ò kọ̀ mí. Ẹsẹ̀ ni ò gbà." Ẹ̀ẹ̀kan, kíkan, tí ibùsùn fi dún. Àwọn méjèèjì pariwo bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Màmá Ìyàwó kọ ọ́ sínú ìwé tuntun kan, ewé lórí ewé, a sì ń sún mọ́ ìparí.

Ní Sátidé kẹfà, ó ku ìdáhùn kan ṣoṣo. Màmá Ìyàwó dìde. Ó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹrù, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ ọ́ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ eré: "Bàbá àwọn ọmọ mi, ilẹ̀ ti mọ́, ẹrù ti dè. Ṣé ká lọ àbí ká dúró?"

Bàbá ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, itọ́ nìkan ló ń jáde.

"Ó dáa," ni Màmá Ìyàwó wí, ó rọra wá jókòó tì í. "Ṣé ká lọ ni ẹ wí?"

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀hẹ́n. A ó dúró nìyẹn."

Ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó tún un béèrè, ó fi dídúró ṣáájú lílọ. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Màmá mi rò pé orí rẹ̀ ti ń dàrú. Ó bi í bóyá Kawo la wà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó bi í bóyá òun ni ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì. Orí Bàbá pé. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni kò gba inú bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ kọjá. Ó gbìyànjú títí òógùn fi bò ó, ó wò mí, ó sì wá yíjú sí ògiri.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnì kan rí. Mi ò sọ fún màmá mi, mi ò sọ fún Màmá Ìyàwó. Kósè ni mo lọ rà.

Kò dé Sátidé keje. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n bá a. Àwọn àáfà ti dé, omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀, màmá mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó jókòó tì í, ó ń wo àyà rẹ̀. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀," ló ń sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Á dìde." Ọ̀sán pọ́n kó tó jẹ́ kí wọ́n gbé e.

Wọn ò ṣe eré náà. Ẹgbẹ́ ní kí ẹnì kan bá wọn kọ ìparí rẹ̀, Màmá Ìyàwó ní ó di ọjọ́ tí òun bá kú. Nígbà tó sì kú lóòótọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìwé náà fún mi. Ó wà lọ́wọ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ewé tó kẹ́yìn ṣófo, àfi ìbéèrè ìyàwó lókè rẹ̀. Èmi náà ti wá ń gbé ní Gonin Gora báyìí, ibi tí mùsùlùmí bíi tèmi ò pọ̀, nítorí iṣẹ́ ọkọ mi. Ṣọ́jà ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì Abuja lójoojúmọ́, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo máa ń sọ pé Kawo. Wọ́n á ní rárá, ìlú yín gan-an. Ikọ́ kan máa ń gbé mi nígbà yẹn, kúkurú, gbígbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í jáde.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin mi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lórí tábìlì. Ó gbójú sókè, ó bi mí ní Hausa bóyá ibí ni ilé wa àbí Ọ̀fà tí ìyá mi padà lọ kú sí. Mo la ẹnu. Nígbà tí n ó fi mọ̀, ìka mi ti kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ni ìyẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ náà kún inú mi lójijì, Bàbá, ẹ̀wù kákí, omi mẹ́rúwà tó dà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo ní kó wá jókòó tì mí, kí n sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é níta. Ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Ina zuwa," ó ní, ó sì sáré jáde.

Mo fi àga rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe fà á. Mo jókòó, mo ń dúró dè é.